Irin abẹ́ Hilux tí mo rà n'Ìbàdàn: ta ló gbẹ́ ihò ọ́ìlì síbẹ̀?

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dì sábẹ́ ọkọ̀ kí òkúta má baà ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni mò ń sọ. Mo gbé ọkọ̀ lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́ títí, ló bá ní, "Mọ̀mí, ta ló bá yín ṣe irin yìí?" Ihò tí sípánà máa gbà dé ìdí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wà lóòótọ́, àmọ́ ó fi bí ìka mẹ́rin yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ọ́ìlì tó lè dà, àfi kí wọ́n tú gbogbo irin náà, ó sì wúwo, ẹnì kan ò lè dá gbé e.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi tútù. Ọ̀gá rẹ̀ ò tilẹ̀ jáde. Láti inú yàrá ló ti ń pariwo pé bí irin ṣe rí nìyẹn, kí n bi ẹni tó bá mi dì í.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dì í!"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Madam, owó iṣẹ́ máa wà níbẹ̀ ṣá."

Owó iṣẹ́ kẹ̀! Mi ò san kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, wẹ́dà sì fi iná gé ihò mìíràn. Wọn ò fi ọ̀dà kun ojú ibi tí wọ́n gé. Ó ti ń dógùn-ún báyìí.

Ṣùgbọ́n irin yẹn, irin ni o. Èlùbọ́ ni mo ń kó láti Ṣakí, ẹ sì mọ bí àpáta ṣe pọ̀ ní Òkè-Ògùn. Lójú ọ̀nà oko kan, mo gbọ́ gbàgà! lábẹ́ ọkọ̀, ọkàn mi já. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ojú irin tẹ̀ wọnú bí abọ́ ìmumi, ọ́ìlì kankan ò kán sílẹ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ọkọ̀ wá ì bá ti wọnú ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn kan ní kí n ra alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, kì í dógùn-ún, àmọ́ òkúta máa ń ha á, ó sì máa ń há mọ́ òkúta. Irin máa ń yọ̀ kọjá ni. Ẹni tó ń kẹ́rù lọ sí ibi olókùúta, irin ni kó rà.

Àléébù kan tún wà: orí àwọn nọ́ọ̀tì tó di irin náà mọ́ ọkọ̀ yọ síta. Àpáta ọjọ́ yẹn fá ọ̀kan mọ́lẹ̀ débi pé sípánà ò dì í mú mọ́. Èyí tí orí nọ́ọ̀tì rẹ̀ rì sínú irin ni kí ẹ wá kí ẹ tó sanwó. Ẹrẹ̀ òjò náà máa ń kó jọ sórí irin náà, ẹ máa fi omi fọ̀ ọ́ jáde.

Máàkì: 2 nínú 5.

Èyí tó máa bo abẹ́ jíà, mo ti sanwó rẹ̀ fún wọn. Ọmọkùnrin yẹn ló máa wọn ihò rẹ̀, níṣojú mi.