Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí Ouidah: ohun tó yẹ kí ará Òṣogbo béèrè kó tó sanwó

Ẹni tó bá dàgbà sí Òṣogbo kì í fojú kékeré wo iṣẹ́ afinimọ̀nà, nítorí pé nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ẹnu ẹni tó ń mú àlejò kiri ló ń sọ ère di ìtàn. Ojú yẹn ni mo fi wo ìrìn-àjò tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ṣètò láti Kútọnu lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn tí mo ń wọ ọkọ̀ èrò kiri ìlú etíkun. Ìrìn náà tó owó tí mo san, pàápàá fún ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù lọ gan-an ni wọ́n ti yára kọjá.

Ouidah tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Kútọnu. Ọkọ̀ náà mọ́, ó dé lásìkò, awakọ̀ kò sì sáré àsápajúdé. Owó ìwọlé sí àwọn ibi tí a dé kò sí nínú owó tí a san. Ẹnu-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni a ti ń san án ní sẹ́fà, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa ṣáájú. Ó yẹ kí wọ́n tún èyí ṣe.

Ilé Òjòlá, ojúbọ tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òjòlá, ni a kọ́kọ́ yà, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Àlejò á gbé òjòlá kọ́ ọrùn, á ya fọ́tò, á jáde. Igbó Kpassè ló fà mí mọ́ra ní tèmi. Ìtàn wọn sọ pé ọba Kpassè kò kú, pé igi ìrókò ló dà níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ìrókò náà títí di òní. Igbó náà kéré púpọ̀ sí tiwa, tó tó hẹ́kítà 75, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò tó gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ẹni tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olóríṣà àti Adébísí Àkànjí ní Òṣogbo yóò dá ẹ̀mí tó wà nínú àwọn ère inú Igbó Kpassè mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Afinimọ̀nà wa, ọmọ Fọ̀n tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, fi sùúrù fi òrìṣà àwọn Fọ̀n wé tiwa: bí Gu ṣe bá Ògún dọ́gba, bí Hêviosso ṣe ń ṣe iṣẹ́ Ṣàngó, àti bí Legba ṣe jẹ́ Ẹlẹ́gbára wa. N kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìbátan wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ láì gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn èyí, a kan fojú kan odi agbára tí àwọn Pọtogí kọ́ ní 1721, tó wà lọ́wọ́ wọn títí di 1961, kí a tó dé ojú ọ̀nà ẹrú. Ọ̀nà náà, tí wọ́n ń mú ẹrú gbà lọ sí ibi ọkọ̀ ojú omi, tó nǹkan bí kìlómítà 4, láti inú ìlú dé etí òkun. Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n, gba Ouidah ní 1727, láti ìgbà náà ni ọjà ẹrú ibẹ̀ sì ti wà lábẹ́ àṣẹ ọba wọn. Afinimọ̀nà sọ ti Igi Ìgbàgbé, tí wọ́n ní ọkùnrin máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìtàn ẹnu ni èyí, ì bá sì dára kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlejò, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀.

Èyí tó dùn mí ni pé “àwọn ẹrú” nìkan ló ń sọ, bí ẹni pé wọn kò ní ìlú, wọn kò ní oríkì. Bẹ́ẹ̀, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọmọ Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n tà ní etíkun yẹn. Ogun tó dé Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, tí àwọn ará Ìbàdàn fi lé ogun Ìlọrin sẹ́yìn, kò dá dúró. Ara àwọn ogun tó bá ìfọ́ Ọ̀yọ́ Ilé rìn ni, inú irú ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí àwọn tí wọ́n ń tà. Mo bi í léèrè nípa ọkọ̀ ojú omi Clotilda, tó kó nǹkan bí ènìyàn 110 láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó sọ fún wa nípa Kossola, ọmọ Yorùbá láti ẹkùn Bantè, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó, tí Clotilda gbé lọ, tó sì wà láàyè ní Alabama títí di 1935. Ìmọ̀ wà nínú ọkùnrin náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni kò fún un láyè. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé wa láti ibùdó dé ibùdó, àkókò tí a lò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ère sì ju èyí tí a lò ní Zoungbodji, níbi ìrántí àwọn tó kú kí wọ́n tó wọkọ̀. Èyí kò tọ́ rárá.

Ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ẹnu-ọ̀nà ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ní 1995, ó fi wá sílẹ̀ láti dúró níbẹ̀ bó ti wù wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ láti Òṣogbo, ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání fún ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè afinimọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi rin ọ̀nà ẹrú náà, pé ẹ kò ní yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Àwọn kan yóò fẹ́ kó ààfin Abomey mọ́ Ouidah ní ọjọ́ kan náà. Ẹ má gbà á: Abomey jìn ju 100 kìlómítà lọ sí Kútọnu, ààfin àwọn ọba Dàhòmì sì tó ohun tí ènìyàn ń fi odindi ọjọ́ kan wò.