Láptọ́ọ̀pù wo ni yóò jẹ́ kí ẹ máa pàṣẹ update fúnra yín? Windows Home, Windows Pro, Mac, Ubuntu àti Chromebook lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bí ènìyàn bá ní kí n bá òun yan láptọ́ọ̀pù, ohun mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: RAM rẹ̀ ńkọ́, SSD rẹ̀ ńkọ́, ṣé báttìrì rẹ̀ ṣì ń dúró. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa update, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn tó ṣe ètò inú ẹ̀rọ máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè yẹn kì í wáyé àfi ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá pa ara rẹ̀ dé níwájú àlejò. Èmi náà ti jẹ níbẹ̀ rí. Mo ra dátà ọ̀sẹ̀ kan sórí fóònù, mo tan hotspot fún láptọ́ọ̀pù kí n lè fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, mo sì lọ wẹ̀. Kí n tó nura tán, dátà ti tán. Ẹ̀bi mi ni, torí mi ò yan nǹkan kan sí i látìgbà tí mo ti rà á.

Nítorí náà, n kò fẹ́ sọ èwo ló yára jù. Ohun tí mo fẹ́ fi wéra ni àṣẹ: bí update bá dé, ta ni yóò sọ pé ó yá, ta ni yóò sọ pé ó di alẹ́, dátà ta ni yóò sì bá a lọ?

Windows Home àti Windows Pro

Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ọbẹ̀ méjèèjì. Windows 11 ni wọ́n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù sì ni Microsoft máa ń kó àtúnṣe ààbò jáde fún wọn. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Windows Update. Nínú méjèèjì, Pause lè dá update dúró dé ọ̀sẹ̀ 5. Bí ó bá pé, ẹ gbọ́dọ̀ gba èyí tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó tún lè dá a dúró. Méjèèjì ló ní Active hours, ìyẹn àsìkò iṣẹ́ yín, tí ẹ̀rọ kò ní í dédé tún ara rẹ̀ tàn. Ó lè gùn tó wákàtí 18. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ fọwọ́ ara yín yan wákàtí náà, ẹ má fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni gpedit.msc, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń yan òfin tí Windows yóò máa tẹ̀ lé. Pro ní in, Home kò ní in. Níbẹ̀, lábẹ́ Windows Components, ẹ ó rí Configure Automatic Updates. Bí ẹ bá yan nọ́ńbà 2, Windows kò ní gba nǹkan kan sórí ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ sọ fún yín. Nọ́ńbà 3 ní tirẹ̀ yóò gbà á, ṣùgbọ́n yóò dúró de àṣẹ yín kó tó fi í sípò. Pro tún lè sún àtúnṣe oṣooṣù síwájú fún ọjọ́ 30, kó sì sún ẹ̀dà ọlọ́dọọdún, èyí tó máa ń wúwo jù, dé ọjọ́ 365. Ẹni tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń bọ́ ìdílé rẹ̀ yóò mọ iyì èyí: àwọn ẹlòmíì ni yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tuntun, bí ó bá lábùkù, ara wọn ni yóò ti hàn.

Home kò wá jẹ́ aláìlólùgbèjà o. Ohun ìjà rẹ̀ ni Metered connection. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ hotspot yín, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi, ẹ ṣí orúkọ hotspot náà, kí ẹ sì tan án. Láti ìgbà náà, Windows yóò mọ̀ pé dátà olówó nìyí, kò sì ní máa fa update púpọ̀ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ tó ṣe pàtàkì ṣì lè wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé orí hotspot kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó ti tan án. Ẹ tan án lórí fóònù tiyín, ẹ yá fóònù àbúrò yín lò lọ́la, ó di òmìnira fún Windows.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò: Delivery Optimization, nínú Advanced options. Ó lè jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù yín máa pín update tó ti gbà fún ẹ̀rọ àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sí ẹ̀rọ inú ilé nìkan. Bí láptọ́ọ̀pù mẹ́ta bá wà nínú ilé, ó tún dára bẹ́ẹ̀, torí wọn yóò lè máa bu fún ara wọn.

Ṣé Pro wá tó owó tó fi ju Home lọ? Bí hotspot nìkan lẹ ń lò, tí ẹ sì mọ Metered connection, Home tó. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, ẹ ra Pro. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 99 ni Microsoft ń gbà láti sọ Home di Pro. Bí ìyàtọ̀ owó lọ́jà bá kéré sí ìyẹn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mac

Mac kì í fi ipá mú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Nínú System Settings, ní General, lábẹ́ Software Update, àmì i kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí bọ́tìnì tó yàtọ̀ fún gbígbà á sórí ẹ̀rọ àti fún fífi í sípò. Ẹ lè pa gbígbà, kí ẹ fi àtúnṣe ààbò nìkan sílẹ̀ ní títàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún ìyá mi. Kò sí kíka ọ̀sẹ̀ 5, kò sí gpedit. Low Data Mode sì wà lórí Wi-Fi kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà.

Níbi ìwúwo ni Mac ti ń dùn mí. Update kékeré rẹ̀ lè kọjá gígábáìtì kan, ẹ̀dà tuntun lódidi sì lè kọjá 10. Ẹ wá Wi-Fi ọ̀fẹ́ gbà á.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ ló tún ṣe pàtàkì. MacBook Air ọdún 2020 jẹ́ oríṣi méjì: èyí tó ń lo ṣípù Intel, àti èyí tó ń lo M1, ṣípù Apple fúnra rẹ̀, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ojú kan náà ni wọ́n jọ. Ti Intel kò lè gba macOS 26 Tahoe (macOS ni ètò tó ń darí Mac), Tahoe fúnra rẹ̀ sì ni macOS ìkẹyìn tí Mac Intel kankan yóò rí gbà. Bí olùtajà bá kàn sọ pé "2020 ni", ẹ ní kó ṣí About This Mac fún yín.

Ubuntu

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n kò ní purọ́. Ètò ọ̀fẹ́ ni, tí a lè fi sórí láptọ́ọ̀pù dípò Windows. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ unattended-upgrades ti wà níbẹ̀, tó ń fi àtúnṣe ààbò sípò lójoojúmọ́ láìpariwo. Kì í sì í tún ẹ̀rọ tàn fúnra rẹ̀, àfi bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì méjì péré ló ń darí rẹ̀, nínú /etc/apt/apt.conf.d:

20auto-upgrades ni ti pé ṣé kó máa ṣiṣẹ́. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀. "1" túmọ̀ sí lójoojúmọ́, "7" sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, "0" sí pé kó sinmi.

50unattended-upgrades ni ti bí yóò ṣe ṣe é: ibi tí yóò ti gbà, bóyá kó tún ẹ̀rọ tàn, aago mélòó. Ẹ lè kọ "02:00" síbẹ̀. Ìlà kan, Acquire::http::Dl-Limit, wà níbẹ̀ tó ń díwọ̀n bí yóò ṣe yára fa dátà.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yòókù tó fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ tó tó báyìí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ snap, ọ̀nà mìíràn tí Ubuntu ń gbà kó áàpù wọlé. Firefox inú Ubuntu, snap ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni snap sì máa ń yẹ̀ wò bóyá tuntun wà, láìbìkítà ohun tí ẹ kọ sínú fáìlì méjì yẹn. Àṣẹ yìí ni yóò dá a dúró: sudo snap refresh --hold. Ẹ̀dà LTS (èyí tí àtúnṣe rẹ̀ máa ń pẹ́) bíi 24.04 ní ọdún 5 àtúnṣe, Ubuntu Pro, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ẹ̀rọ 5 fún ìlò ara ẹni, sì ń sọ ọ́ di 10. Ẹni tí ẹ̀rù terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ irú àṣẹ yẹn, bá ń bà, kó má jẹ́ kí n tàn án.

Chromebook

Láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google ni. Kò sí nǹkan púpọ̀ tí ẹ lè yàn níbẹ̀, ìyẹn náà sì ni àǹfààní rẹ̀. Ó ní àyè méjì fún ètò rẹ̀: ó ń kọ tuntun sí ìkejì bí ẹ ti ń lo ìkínní, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá tún un tàn, ó ti bọ́ síbẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín rẹ̀ tí báttìrì sì kú, èyí tí ẹ ń lò wà láìfarapa. Google ṣèlérí ọdún 10 update fún irú èyí tó jáde láti 2021; ọdún 10 náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí irú ẹ̀rọ yẹn jáde, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀

Láptọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé òkè òkun pọ̀ nínú èyí tó ń wọlé, olówó rẹ̀ àtijọ́ sì lè má tíì tú u sílẹ̀. Bí Windows bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ kan ló ń darí àwọn settings kan, tí Mac bá béèrè Remote Management nígbà tí ẹ tún un tò, tàbí tí Chromebook bá fẹ́ kí ẹ fi orúkọ ilé-ìwé wọlé, ẹlòmíì ló ṣì ń pàṣẹ. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Windows 10 ńkọ́? Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ tí Intel rẹ̀ kò tó ìran kẹjọ tàbí tí kò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) kò sí lára èyí tí wọ́n gbà fún Windows 11. Kì í ṣe pé kó wá di àpótí. Ubuntu yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ẹ̀dà rẹ̀ àti bóyá Home ni tàbí Pro, láìka ohun tí sítíkà ìdí ẹ̀rọ ń sọ sí.