Interview with the Vampire ní ilé sinimá: iná ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ ba òkùnkùn rẹ̀ jẹ́

Òkùnkùn ni ẹwà fíìmù yìí, tí Neil Jordan darí ní 1994 láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Anne Rice gbé jáde ní 1976. Philippe Rousselot, tó ya àwòrán rẹ̀, ya ọ̀pọ̀ ìran bí ẹni pé àbẹ́là nìkan ló ń tàn nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi gidigidi nígbà tí ilé sinimá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tún un gbé jáde fún àwa olólùfẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láì pa àwọn iná tó wà lára ògiri. Ojú funfun àwọn fámpáyà, àwọn abàmì tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, nìkan la ń rí; gbogbo ohun tó yí wọn ká ti di eérú.

Mo dìde, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nítorí ààbò ni iná náà ṣe wà. Mo ṣàlàyé fún un pé iná àtẹ̀gùn ni ti ààbò, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Iná ògiri ni mò ń sọ. Ó gbọ́, ó mi orí, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú, ẹni tó wà níbẹ̀ ní òun kò lè fi ìdí ọjà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn ti bá mi, ọ̀dọ́bìnrin kan. Ó wo orúkọ mi lára tíkẹ́ẹ̀tì, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ẹ má bínú, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Ọmọ mi, iná ògiri yín kò jẹ́ ká rí nǹkan kan." Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ̀ lé mi wọlé, ó jókòó sórí ìjókòó mi gan-an, ó wo ojú sinimá fúngbà díẹ̀, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Mà." Ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, àwọn iná náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí iná náà bà jẹ́ yìí náà ni fíìmù ọ̀hún ti ṣẹ àwa tí a fẹ́ràn ìwé náà. Louis ni fámpáyà tó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún akọ̀ròyìn kan. Nínú ìwé, kí ó tó di fámpáyà, ó ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń rí ìran, tó sì fẹ́ kí wọ́n ta oko èlú wọn nítòsí New Orleans kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Louis fi í rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó kú. Fíìmù yọ àbúrò yìí kúrò, ó fi ìyàwó àti ọmọ tó kú níbi ìrọbí dípò rẹ̀. Ẹni tí ìyàwó kú fún ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó tó kú kò lè dárí ji ara rẹ̀, ẹ̀bi yẹn ló sì ń ti Louis káàkiri jálẹ̀ ìwé náà. Nígbà tí wọ́n ti gba ẹ̀bi yẹn lọ́wọ́ Brad Pitt, tó ṣe Louis, ìbànújẹ́ ojú lásán ló kù fún un. Ohun tó tún dùn mí ni pé pẹ̀lú gbogbo àyípadà yìí, orúkọ Rice nìkan ló wà lára fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ eré rẹ̀. Àwọn ẹrú oko Louis náà ń lùlù lóru, ṣùgbọ́n Yvette nìkan nínú wọn ni fíìmù jẹ́ ká mọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kú.

Claudia dé, ọmọdébìnrin tí Lestat, fámpáyà tó sọ Louis di fámpáyà, sọ di ọ̀kan nínú wọn, tí ara rẹ̀ kò sì lè dàgbà mọ́, ohun gbogbo yí padà. Rice pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní 1972, kí ọmọ náà tó pé ọdún 6. Ọmọ ọdún 5 sì ni Claudia nínú ìwé. Kirsten Dunst dàgbà ju ìyẹn lọ, mo sì ti múra láti bínú sí i, títí a fi dé ibi irun. Ọmọ yìí mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun rẹ̀ wálẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì figbe ta, nítorí irun náà ti hù padà, ó tún lọ́ pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú tó fi wo Louis àti Lestat lẹ́yìn náà, ojú àgbà obìnrin ni. Òkú tó fi pamọ́ sáàárín àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ kò dẹ́rù bà mí tó ojú yẹn.

Rice kọ́kọ́ tako Tom Cruise, tó ṣe Lestat, ní gbangba, ó sì yìn ín ní gbangba lẹ́yìn tó wo fíìmù náà. Mo fara mọ́ ìyìn náà, pàápàá níbi tí Lestat ti gbé òkú ìyá Claudia jó. Armand, fámpáyà àgbà tí wọ́n bá pàdé ní Paris, ni n kò gbà: ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 17 ni ìrísí rẹ̀ nínú ìwé, géńdé ọkùnrin sì ni Antonio Banderas.

Nígbà tó yá, Louis, tí kò rí oòrùn fún bí igba ọdún nítorí pé oòrùn ń pa fámpáyà, wọ ilé sinimá, ó sì rí i tó ń yọ nínú Sunrise, fíìmù tí Murnau darí ní 1927. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú gbọ̀ngàn tiwa náà nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. N kò lè rí èyí gbà lórí tẹlifíṣọ̀n ilé mi, ǹ bá má sì rí i níbí náà ká ní ọ̀dọ́bìnrin yẹn kò dìde.

Ìparí fíìmù náà, tí Lestat fi fò mọ́ akọ̀ròyìn nínú ọkọ̀, kò tó ti ìwé, níbi tí akọ̀ròyìn náà ti gbéra fúnra rẹ̀ láti lọ wá Lestat.

Fíìmù: 9 nínú 10. Ilé sinimá: 5. Ọ̀gá wọn: 10. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jókòó sáàárín, kí ẹ sì bèèrè nípa iná ògiri kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.