Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni tí Ó ń Ta Ẹja Kigoma ní Orúkọ Moba

Ẹ̀yin tí a jọ ń sin ẹja nínú gíláàsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò kan ti gba 720 pọ́ún lọ́wọ́ mi lórí ẹja frontosa mẹ́fà, ẹja abìlà dúdú tí kókó wà lórí rẹ̀.

Moba ni ó pè wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń kó láti apá Kóńgò nínú adágún Tanganyika, tí àwọ̀ wọn dà bí aṣọ tí ó mu aró yó. Ó ní inú ibú ni wọ́n ti mú wọn, pé a kò bí wọn sínú gíláàsì ẹnikẹ́ni. Àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, láìmọ̀ pé iná búlúù ni ó tàn lé wọn lórí. Mo san gbogbo owó náà sínú àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ó ní ẹlòmíràn ti ń dúró.

Nígbà tí ẹja dé, ìlà dúdú méje ni mo kà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Méje! Mẹ́fà ni Moba máa ń ní. Ẹja Kigoma, ti apá Tanzania, ni ó ń ní méje. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò ní ṣì í kà, àmọ́ èmi tí mo ti ń sin ẹja fún ọdún mọ́kànlá kò béèrè àwòrán ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan kí n tó sanwó. Síbẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́bi jù: iwájú nìkan ni ó ti ń ya gbogbo wọn, tí kókó orí wọn fi bo ìyókù ara, ó sì dá mi lójú pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ẹja Kigoma burú. Owó Moba ni mo san.

Ọ̀kan nínú wọn tún ń léfòó, ikùn rẹ̀ wú, kò sì lè wọ ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí mo pe oníṣòwò náà, ó ní ẹ̀rí nìyẹn gan-an pé inú ibú ni ó ti wá! Òótọ́ ni pé bí a bá fa ẹja yìí sókè kíákíá láti nǹkan bí 30 mítà, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń wú, ṣùgbọ́n létí adágún ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, kì í ṣe ní pálọ̀ mi. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo gba irọ́ náà gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí mo ń dín iná kù, tí mo ń ṣọ́ ọ lóru, títí ó fi kú. Bí mo ṣe fi àwòrán òkú rẹ̀ ránṣẹ́ ni ó dí ọ̀nà mọ́ mi.

Ẹ ka ìlà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ iná funfun. Bí ẹja bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ ka ẹsẹ̀ ìpẹ́ tí ó wà láàárín ìlà tín-ín-rín méjì tí ó gùn lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (kì í ṣe ìlà dúdú wọ̀nyẹn): Moba ní mẹ́ta, Kigoma ní méjì.

N kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí mọ́, títí kan èyí tí ó ti ń tà fún mi fún ọdún mẹ́fà láìsí ẹ̀sùn, tí mo béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí inú sì bí i. Bóyá n kò ṣe dáadáa sí i. Àmọ́ 720 pọ́ún! Ìyàwó mi ṣì rò pé ọgọ́rùn-ún ni.