Ẹ ṣọ́ra fún bọ̀dá tó ń ta àwòrán ṣọ́ọ̀kì pupa ère Pietà

Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwòrán àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Bọ̀dá kan ń polówó àwòrán ṣọ́ọ̀kì pupa kiri, ère Pietà tí Michelangelo gbẹ́ ní Róòmù ní 1498 sí 1499 ló wà níbẹ̀, Màríà gbé òkú Jésù sórí itan, ó ní ará Ítálì kan ló wo ère yẹn yà á ní nǹkan bí 1650. Ọ̀rọ̀ yẹn á jọ òótọ́ létí yín torí àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ láyé ìgbà yẹn, ibẹ̀ gan-an ló ti ń múni.

Mo lọ wò ó lójúkojú. Ìwé ẹ̀ gbó dáadáa, ó jọ ojú ewé òfìfo tí wọ́n ya kúrò lára ìwé àtijọ́ kan. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màríà, mo wá gbé gíláàsì sí i, ṣé ẹ mọ̀ pé eruku pupa wà nínú etí ihò yẹn yíká! Kòkòrò ti jẹun tán kí ẹnikẹ́ni tó yàwòrán síbẹ̀ nìyẹn. Ó tún fi lẹ́tà PL hàn mí nísàlẹ̀, ó ní Peter Lely tó ń yàwòrán fún Ọba Charles Kejì ló fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Irọ́ funfun báláú! Lely kú ní 1680, àwọn tó bójú tó ogún ẹ̀ ló tẹ àmì yẹn sára àwọn àwòrán tó kó jọ nígbà tí wọ́n fẹ́ tà wọ́n. Frits Lugt ṣe àkójọ irú àmì báyìí táwọn tó ń kó àwòrán jọ máa ń tẹ̀ sára wọn, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wo nọ́ńbà L.2092 níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé tiẹ̀.

Ó ní ìdílé kan ní Róòmù ló tà á fóun lọ́dún tó kọjá, mo ní ìwé àṣẹ tí Ítálì fi jẹ́ kó jáde dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó kọ ọjọ́ orí àwòrán náà sínú rìsíìtì, ó ní ṣebí Yorùbá ni gbogbo wa, kí la fẹ́ fi rìsíìtì ṣe. Ìdajì owó ló ń gbà ṣáájú o, orúkọ tó sì wà lórí àkáǹtì yẹn kì í ṣe tiẹ̀ rárá.

Mo gbọ́ pé ó ti gbé òmíì jáde báyìí, àwòrán ère Mósè tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli ní Róòmù. Ẹni tó bá ti fowó ránṣẹ́ sí i, kó pe báǹkì ẹ̀ lónìí kó sì fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kó má sì pa mẹ́séèjì kankan tó fi ránṣẹ́ rẹ́.