Ihò mẹ́rin ni ti àbúrò mi, èmi ni wọ́n la níkùn: bí iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ mi ṣe rí

Nígbà tí wọ́n yọ àpò òróǹro àbúrò mi, ihò kéékèèké mẹ́rin péré ni wọ́n dá sí i níkùn. Lọ́jọ́ kejì ló ti padà sí Ìkòròdú. Èjìká ló ń dùn ún ju ikùn lọ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi fẹ ikùn rẹ̀ ló fà á. Nítorí náà, nígbà tí CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi kókó ńlá hàn lápá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ mi, mo ti gbà pé ihò mẹ́rin náà ni tèmi.

Ara mi bù máṣọ nígbà tí dókítà ní òun máa là mí ni. Ó ya ẹ̀dọ̀ sórí pépà, ó pín in sí ọ̀nà 8, ó ní tí wọ́n bá ti gé 3 sókè, iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Tèmi jẹ́ 4. Kò bu ẹnu àtẹ́ lu ti ojú ihò o: ó ní kámẹ́rà tí wọ́n ń tì bọ inú ihò máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké hàn kedere, afẹ́fẹ́ inú ikùn sì ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń jò kù. Àmọ́ kókó mi sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tú níbẹ̀, ó fẹ́ kí ọwọ́ òun lè dé ibẹ̀ kíá. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gba ojú ihò ṣe é, wọ́n ṣì máa la ìsàlẹ̀ ikùn díẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé tó lè jáde.

Mo wá bi í pé èwo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù. Ó ní òun ń fi ihò yọ àpò òróǹro dáadáa, àti kókó kékeré tó bá wà létí ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di odindi apá ọ̀tún, lílà ni. Ìdáhùn yẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ojú abẹ náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun àyà, ó sọ̀kalẹ̀, ó wá yà sọ́tùn-ún lábẹ́ ìhà. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ikọ́ ló burú jù. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi pé kí n gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn kí n tó wúkọ́, ìrọ̀rí yẹn náà ni mo gbá mọ́ra nínú ọkọ̀ láti Mile 12 dé ilé lọ́jọ́ kẹsàn-án, gbogbo kòtò ọ̀nà Ìkòròdú ni mo kà.

Ohun tó bí mi nínú ni pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká wá ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sá kiri lóru. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé awọ ara òkè ìdodo mi máa kú tipiri. Oṣù keje rèé, n kò tíì mọ nǹkan kan lára níbẹ̀.

Àbúrò mi fi ìwádìí kan hàn mí, Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, 2024 ló jáde. Láàárín àwọn tí wọ́n gé ìlàjì ẹ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ 4 ló gba àwọn ti ojú ihò kí ara wọn tó mókun, ó gba àwọn tí wọ́n là ní ọjọ́ 5. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Mo ti rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Àwọn dókítà tí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà ló sì ṣe é níbẹ̀.

Lóṣù kẹta, wọ́n tún yẹ inú mi wò. Apá òsì ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ́ kù ti dàgbà, ó ti ń kún àyè èyí tó lọ. Télọ̀ ni mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà sídìí maṣíìnì mi.