Mo lọ síbi ìvẹ́ǹtì oúnjẹ aláìlẹ́ran ní Jàbí lọ́jọ́ òmìnira: ohun tí mo jẹ àti ohun tó bí mi nínú

Ẹ kú ilé o. Mo ti ṣèlérí pé màá kọ nǹkan nípa ìvẹ́ǹtì àwọn tí kì í jẹ ẹran tí wọ́n ṣe nínú ọgbà kan lẹ́bàá adágún omi Jàbí níbí ní Àbújá, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ àwọn èèyàn ò yéé bi mí lórí WhatsApp pé ṣé ó dáa, ṣé kí àwọn náà múra fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ó dáa. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ibi tó dùn jù níbẹ̀ kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń ya fídíò jù.

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, ọdún kẹfà rèé tí mo ti fi ẹran àti ẹja sílẹ̀, nígbà tó di ọdún kejì mo fi ẹyin àti mílíìkì náà sílẹ̀. Kúbwà ni mò ń gbé. Yorùbá tí kì í bá jẹ ẹran ló mọ ohun tí ojú ń rí lóde àríyá. Wọ́n á bu ìrẹsì fún ẹ, wọ́n á gbé ẹran lé e, o bá ní o ò jẹ ẹran, wọ́n á mú ẹran kúrò lórí ẹ̀, wọ́n á ní ó yá, máa jẹ. Ẹlòmíì á rọra sún mọ́ ẹ, á bi ẹ́ pé ṣé kò sí o, ṣé dókítà ló ní kó o má jẹ ẹ́ mọ́. Torí náà nígbà tí mo gbọ́ pé ibì kan wà tí èèyàn lè jókòó láàárọ̀ títí dalẹ́ láìṣàlàyé ara ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú Màmi dání, tí wọ́n wá kí wa láti Òfà, mo mú àwọn ọmọ mi méjèèjì, ó di Jàbí.

Ọjọ́ tí wọ́n mú yẹn, wọ́n rò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tí à ń ta àsíá sókè yẹn náà ni World Vegetarian Day, ìyẹn ọjọ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran lágbàáyé, láti 1977 ni ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti dá a sílẹ̀. Ti àwọn vegan, àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, títí kan ẹyin àti mílíìkì, wà lọ́tọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni, 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ Vegan Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àádọ́ta ọdún. Èyí tó bọ́ sí ọjọ́ òmìnira ló bá wa mu jù, torí kò sẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà nílé, kálukú ń wá ibi tó máa lọ.

Wọ́n ní aago mẹ́wàá ni. A dé ní mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n ṣì ń ta kánópì. Owó ò sí fún ìvẹ́ǹtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé a máa san owó géètì ọgbà, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, mo rí ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tó dúró lẹ́nu géètì tó ń ṣírò owó kèkè tó máa gbé e padà sílé. Ẹ máa kọ irú ẹ̀ sára pósítà ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tó di bí aago méjìlá òjò dé, ẹ sì mọ òjò ìparí yẹn ní Àbújá, kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Kánópì mẹ́rin péré ni, ọ̀kan ń jò. Gbogbo wa fún pọ̀ mọ́ra, Mùsùlùmí, Kristẹni, oníDada kan tó ní òun ò jẹ ẹran rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, àwọn ìyá ìjọ Adventist mẹ́ta tí wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn wá nínú kúlà. Ká sọ tòótọ́, abẹ́ òjò yẹn ni ìvẹ́ǹtì gan-an ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bi ara wọn pé kí ni ìwọ ń fi jẹ tùwó, báwo lo ṣe ń ṣe é tí ọkọ ẹ ò fi bínú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni abẹ́ igi kan lẹ́yìn kánópì tó gbẹ̀yìn, níbi tí ìyá Hausa kan gbé ìkòkò kaná. Hajiya ni gbogbo wa ń pè é. Wọn ò fún un ní tábìlì, wọn ò kọ ohun tó ń tà sára pátákó bíi tàwọn tó kù. Sóyà tó ti rẹ mọ́jú tó ti lọ̀ ló gbé wá nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó ń fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wàrà ẹ̀ ń ṣàn sínú ìkòkò. Ó sè é títí tí ìfófòó ẹ̀ fi ru dé ẹnu ìkòkò, ó fẹ́ ẹ, ó tún ru, ó tún fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló wá bu omi àjàgbọn, tí wọ́n ń pè ní tsamiya, ó ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kò ro ó, ó kàn ń fi ìgbakọ gbá ojú ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà níbẹ̀ tó fi pín sí méjì lójú mi. Funfun ń ṣù jọ bí òwú, omi tó mọ́ gaara wà lábẹ́ ẹ̀. Ó kó o sínú aṣọ, ó dì í, ó gbé òkúta lé e. Nígbà tó le tán ó gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ó jù ú sínú òróró ẹ̀pà. Awara nìyẹn. Ó bu yàjì, ata súyà yẹn, sí i, ó rẹ́ àlùbọ́sà àti kábéèjì lé e, ẹyọ márùn-ún ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ìta ẹ̀ ń ta kánkán lẹ́nu, inú ẹ̀ rọ̀ bí ẹyin.

Màmi mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n wò mí. "Ìyá Àyọ̀, ṣebí wàrà nìyí? Ṣebí o ní o ò jẹ wàrà mọ́?" Mo ní, "Màmi, wàrà sóyà ni mà, kò sí màálù níbẹ̀." Wọ́n ní irọ́ ni, àfi ìgbà tí mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbi ìkòkò. Ẹni tó bá dàgbà sí Òfà mọ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní máa ń gbé kiri nínú igbá, ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì màálù dì. Ohun kan náà lẹ rí yìí, sóyà ló rọ́pò mílíìkì, àjàgbọn rọ́pò bomubomu. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín vegetarian àti vegan, ó ti yé yín nìyẹn: vegetarian lè jẹ wàrà Fúlàní torí wọn ò pa màálù, vegan ò ní jẹ ẹ́, àmọ́ àwọn méjèèjì á jọ jẹ awara. Wákàtí kan ni wọ́n fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lórí máíkì tí kò yé Màmi. Ìkòkò Hajiya ló là á yé wọn.

Mọ́ínmọ́ín náà wà níbẹ̀, ewé eéran ni wọ́n fi pọ́n ọn, kì í ṣe nylon. A ti fi ẹlẹ́mìí méje ba ẹnu wa jẹ́, a rò pé tí ò bá ti sí ẹja, ẹyin àti edé nínú ẹ̀ kò lè dùn. Èyí ò ní ẹ̀mí kankan, tàtàṣé, àlùbọ́sà, òróró àti irú ló wà níbẹ̀, àkọ́bí mi jẹ mẹ́ta. Dan wake náà dáa, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n pò, tí wọ́n sè nínú omi, ata gígún àti òróró ẹ̀pà gbé e dúró. Ẹnì kan láti Jos ń ta acha, ọkà wẹ́ẹ́wẹ́ yẹn, ó sè é bí ìrẹsì pẹ̀lú ewé zogale, ìyẹn mòríńgà, ó gbẹ díẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n súyà olú! Ọmọkùnrin tó ń yan án ni, mai suya ni tẹ́lẹ̀, ohun tó ń fi sí ẹran náà ló fi sí olú. Ẹ rò ó wò, kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀, ata, atalẹ̀, iyọ̀, kò sí ẹran nínú yàjì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òórùn tó ń fà wá láti òpópónà lálẹ́, ìdajì ẹ̀ ẹ̀pà ni. Ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ ni igi kan, ó wọ́n, mo sì ra méjì.

Ohun tó bí mi nínú wá ńkọ́. Àkọ́kọ́, mo ra ẹ̀fọ́ rírò lọ́wọ́ obìnrin kan tó kọ "kò sí ẹran" gàdàgbà síwájú tábìlì ẹ̀. Bí mo ṣe fi kan ẹnu ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Sísítà, edé wà níbí." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni àǹtí, ṣé edé wá jẹ́ ẹran ni?" Kò bú mi o, kò purọ́ fún mi, ó dá a lójú bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò bínú sí i. Àwọn tó ṣètò ni mo bínú sí, torí ó yẹ kí wọ́n ti jókòó pẹ̀lú gbogbo ẹni tó ń tajà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n ka ohun tí à ń pè ní ẹran fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: edé, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ, màgí tó ní adìyẹ nínú. Ẹlòmíì wà tí edé máa ń gbé ara ẹ̀ sókè, ẹlòmíì ẹ̀sìn ẹ̀ ni kò gbà á.

Ìkejì, tábìlì tó wà níwájú pátápátá, tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, mílíìkì ọkà inú páálí tó ti òkè òkun wá ló wà lórí ẹ̀, páálí kan ẹgbẹ̀rún méje àtààbọ̀. Ta ló fẹ́ rà á ní Máràrábá? Kúnún ayà wà lẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀fíò tiwa náà ni, ó tutù, ó dùn, ọ̀ọ́dúnrún náírà, kò sẹ́ni tó darí èèyàn síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa gbà pé oúnjẹ yìí kì í ṣe ti olówó, ẹ gbé ìyá alawara àti oníkúnún síwájú, kí páálí òyìnbó lọ sẹ́yìn.

Ìkẹta ló le jù. Bàbá kan gba máíkì, ó ní ẹni tó bá fi ẹran sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, àtọ̀gbẹ á lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru á lọ, kó da oògùn ẹ̀ nù. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mi ò lè jókòó. Bàbá mi dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí ẹnì kan ní omi ewúro ti tó, kò pé oṣù mẹ́ta tí apá òsì wọn fi rọ. Mo na ọwọ́, mo gba máíkì, ohùn mi ń gbọ̀n ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ewébẹ̀, ẹ̀wà àti èso ń ran ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ́wọ́, mi ò jiyàn, èmi náà ń jẹ àǹfààní ẹ̀, àmọ́ dókítà tó kọ oògùn fún ẹ ló lè sọ pé kó o dín in kù.

Ẹni tó bá sì fẹ́ di vegan pátápátá, ẹ gbọ́ èyí tí wọn ò sọ lórí máíkì yẹn. Fítámì B12 ò sí nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, ẹ má sì gbọ́kàn lé irú. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa ra oúnjẹ tí wọ́n ti fi kún un. Ara máa ń kó o pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó tán, ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi rò pé kò sí nǹkan, tó bá yá ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ṣe é wìnnìwìnnì, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó, á máa rẹ̀ ẹ́. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ bá onímọ̀ ìlera sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀wà, ẹ fi ọsàn lé e, ẹ má fi tíì lé e lójú ẹsẹ̀, torí ọsàn ń jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà gbà, tíì ń dí i lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ lórí máíkì tán, wọ́n fún mi lésì tó dáa o, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò wá bá mi, ó bẹ̀ mí, ó ní nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa pè lọ́dún tó ń bọ̀. Mo tún sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sọ láàárọ̀ ṣúlẹ̀, Hajiya tó mọ oúnjẹ yìí ju gbogbo wa lọ jókòó sẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan. Ní Àbújá! Hausa ni ọjà Wúsé, Hausa ni kèkè, àwọn Gbagyi ló nilẹ̀, Yorùbá sì kún Kúbwà bámú. Ó kọ ọ́ sínú fóònù ẹ̀.

Màákì mi, méje nínú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú agboòrùn, ẹ mú abọ́ tiyín torí abọ́ wọn tán ní aago mẹ́ta, ẹ mú owó dání torí nẹ́tíwọọ̀kì POS ò dúró níbẹ̀, ẹ tètè lọ bá alawara kó tó tà tán.

Màmi ti padà sí Òfà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí ní aago mẹ́fà ìdájí, wọ́n ra sóyà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, kò dì. Mo ní ṣé ó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó da omi àjàgbọn sí i mà? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó yẹ kó kọ́kọ́ hó ni?" Wọ́n ní kí n dúró sórí fóònù, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ àbúrò wọn pé kó wá koná sí i.